Adìẹ Tó Ti Òkè Ikpoba Padà Wálé

Àárọ̀ kùtù ni Ọláfúnkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láti lọ pọn omi tí ọkọ rẹ̀ yóò fi wẹ̀, ó sì bá adìẹ kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo inú ilé bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó wọlé. Adìẹ pupa ni, ìyẹ́ funfun díẹ̀ yí i lọ́rùn ká. Ọláfúnkẹ́ dúró pẹ̀lú kòròbá lọ́wọ́, kò lè tẹ̀ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Ta ni kò mọ Sisí nínú àgbàlá náà? Adìẹ Olúrẹ̀mí ni, ọmọ kan ṣoṣo tó dúró fún Ọláfúnkẹ́ láyé. Ká ní inú àgò ló ti sùn mọ́jú ni, kò sí ohun tó burú nínú kí adìẹ wá wo ojú ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọwọ́ Ọláfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló tú u sílẹ̀ nínú igbó lókè Ikpoba, ní òdìkejì odò, níbi tó jìnnà sí Ogbe tí wọ́n ń gbé débi pé takisí ló gbé e lọ tó sì gbé e bọ̀. Ajá lè mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Adìẹ tí kì í kọjá ẹ̀yìn ilé ìdáná kò yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó tún já a láyà ni pé adìẹ náà tutù. Ọyẹ́ ń fẹ́ lákòókò náà, ètè gbogbo ènìyàn ń là, òjò kò sì tíì rọ̀ nílùú Benin láti ìgbà tí ọdún Kérésì ti kọjá. Síbẹ̀, ìyẹ́ Sisí lẹ̀ mọ́ ọn lára láti itan dé àyà, ẹrẹ̀ dúdú sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Afárá wà lórí odò Ikpoba, tèèyàn tẹran ló ń gbà á. Adìẹ yìí kò gba ibẹ̀.

Sisí la ẹnu, ó mí. Èémí náà wọlé pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya, ó dúró díẹ̀, ó wá fọn fèrè tín-ín-rín kó tó jáde. Kòròbá bọ́ lọ́wọ́ Ọláfúnkẹ́. Ó mọ èémí yẹn dáadáa, nítorí ó ti jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi wú. Èémí ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà rú wa lójú. Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ibẹ̀ yẹn ṣì ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Bendel. Báǹkì ni Akínwùmí, ọkọ Ọláfúnkẹ́, ń bá ṣiṣẹ́. Báǹkì náà ló sì gbé e láti Ìbàdàn wá sí Benin. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni tọkọtaya. Ọmọ méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí Olúrẹ̀mí tó dé, nítorí náà, bí Olúrẹ̀mí bá sín lásán, ilé á dàrú. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá bí ẹní gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ Píjìn ló fi ń dáhùn. Bàbá rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín, a ní ọmọ Bendel ni wọ́n bí fún òun.

Òtútù àyà ló kọ lù ú nínú ọyẹ́ ọdún yẹn. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ lálẹ́, àyà ọmọ kò dẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbà kan pe Akínwùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n máa gbé ọmọ lọ sílé, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún rí mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Akínwùmí gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ láti bá àwọn aládùúrà dúró. Ìyá Ọláfúnkẹ́, Màmá Títíloyè, tó ti Ìlá dé lọ́jọ́ tó ṣáájú, jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń wo egungun ìhà rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde. Ó ní kí Ọláfúnkẹ́ ti ilẹ̀kùn.

“Àìsàn ló ṣe é wò,” ni màmá náà wí, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá orí ibùsùn. “Ọlọ́jọ́ tó bá wá mú ènìyàn kò ṣe é wò. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bá ọlọ́jọ́ pààrọ̀. Lọ wá adìẹ kan wá. Kó jẹ́ adìẹ tí kò mọ ilé yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ. Ọjà ni kó o ti rà á.”

Ọjà! Ẹ̀mí ọmọ ti dé ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ lọ ra adìẹ ní Ekiosa. Ọláfúnkẹ́ sáré jáde, ó fẹ́ lọ lóòótọ́. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó rí Sisí tó ń ta ilẹ̀ nídìí igi àgbọn. Ó gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́bi, kó kọ́kọ́ bí ọmọ mẹ́ta kó sin méjì. Ó ki Sisí mọ́lẹ̀, ó rìn yí ilé ká kó lè pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé e wọlé.

“Ọjà lo ti rí i?” ni Màmá Títíloyè bi í. Àlejò ni, kò mọ̀ bóyá ọjà jìnnà tàbí ó wà nítòsí.

Ọláfúnkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá fi adìẹ náà ra ọmọ lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì jẹ́ kó pẹ́ ní àyà. Sisí kò jà, kò ké. Ó mọ ara tí wọ́n gbé e lé, ó sì tẹ orí sílẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, màmá ní kí Ọláfúnkẹ́ gbé e sínú àpò, kó gbé e kọjá odò, kó tú u sílẹ̀ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ọláfúnkẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa padà dé, Olúrẹ̀mí ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń béèrè búrẹ́dì. Akínwùmí ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá ọmọ tó ń jẹun, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí Sisí sì padà wálé.

“Sisí!” Olúrẹ̀mí ti sáré jáde láìwọ bàtà, ó ti gbá adìẹ tútù náà mọ́ra kí ìyá rẹ̀ tó lè nawọ́ sí i. “Mummy, see Sisí! Where she go sleep?”

Màmá Títíloyè ń run orín lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ, orín dúró sí i lẹ́nu. Ó fi ojú pe Ọláfúnkẹ́ wọ yàrá.

“Orúkọ wo lọmọ yẹn ń pè é?”

“Sisí ni, Màmá.”

“Adìẹ ọmọ ni?”

Ọláfúnkẹ́ kúnlẹ̀. Irọ́ ti tán. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, màmá sì gbọ́ ọ láì ja ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Nígbà tó o tú u sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé o bá a sọ̀rọ̀?”

Ọláfúnkẹ́ rántí bí adìẹ náà ṣe dúró nínú koríko gbígbẹ, tó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wò ó. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. “Mo kàn ní, ‘Sisí, dárí jì mí.’ Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá.”

Màmá Títíloyè di ojú. “O pè é lórúkọ. Ohun tí wọ́n bá pè lórúkọ, ilé ló ń bọ̀.”

“Ṣé kí n tún gbé e lọ ni?”

“Ibi yòówù kó o gbé e lọ, yóò padà. Ohun tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn á sì túbọ̀ máa mọ ọ̀nà ilé yìí. Fi í sílẹ̀ kó kú fúnra rẹ̀. Bó bá kú fúnra rẹ̀, ó ti gbé ẹrù náà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pa á. Gbọ́ mi dáadáa, Fúnkẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀, àyà onítọ̀hún ni ẹrù náà ń bọ̀.”

Wọ́n wá retí kó kú. Kò kú.

Wọ́n fi í sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ogbe orí rẹ̀ tó pupa tẹ́lẹ̀ ń dúdú lọ, ojú rẹ̀ sì bò bí ojú afọ́jú. Bó bá fẹ́ mí, á na ọrùn títí, á la ẹnu, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. Àgbàdo tí wọ́n dà sí iwájú rẹ̀ wà níbẹ̀, èèrà pàápàá kò dé ìdí rẹ̀. Àwọn adìẹ onílé, tí wọ́n jọ máa ń ta ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì kọjá. Ìyàwó onílé, obìnrin Ẹ̀dó kan tó máa ń yọ̀ mọ́ wọn, wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dúró lókèèrè. “Iye Rẹ̀mí,” ni ó fi èdè Ẹ̀dó pe ìyá Rẹ̀mí, “that thing no be fowl again o.” Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kó gbogbo adìẹ tirẹ̀ wọ yàrá.

Bí Sisí ṣe ń kú lọ ni Olúrẹ̀mí ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ikọ́ kékeré kan kò yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Inú Ọláfúnkẹ́ ìbá máa dùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó jókòó sẹ́yìnkùlé ó ń ṣa ẹ̀wà, Olúrẹ̀mí sì ń bá àwọn ọmọ onílé sáré kiri inú àgbàlá. Ọláfúnkẹ́ ṣàdédé gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ sáré kọjá, ó fò, ó tún sáré padà, ẹnu rẹ̀ pa dé, kò mí hẹlẹ rárá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni mímí náà wà. Àyà Sisí ń lọ sókè ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ọmọ dúró láti so okùn bàtà, àyà adìẹ náà rọlẹ̀. Nígbà tó tún gbéra, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọláfúnkẹ́ pe ọmọ kó wá jókòó, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí ilé náà ṣe rí nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni Sisí máa ń fẹ́ lọ. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, àlàfo àárín rẹ̀ á máa gùn sí i, Ọláfúnkẹ́ á sì dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ lórí àyà, á máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó máa lọ, kó jọ̀ọ́ kó máa lọ. Ìgbà náà gan-an ni Olúrẹ̀mí á yọ láti ilẹ̀kùn.

“Sisí! Sisí, I don come!”

Adìẹ náà á la ojú kan. Á na ọrùn. Gbogbo rẹ̀ á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọláfúnkẹ́ gbá ọmọ náà létí. Kò gbá a rí láti ọjọ́ tó ti bí i. “Má pè é mọ́! Ṣé o gbọ́? Má pe orúkọ rẹ̀ mọ́!” Ọmọ náà kò sunkún nítorí ìgbátí. Ó di etí rẹ̀ mú, ó ń wo ìyá rẹ̀. “But she dey pain, Mummy,” ni ó wí. “You no dey hear am?” Ta ni kò gbọ́ ọ? Èémí náà ń dé yàrá, ó ń dé pálọ̀, ó ń dé ẹnu géètì. Ọláfúnkẹ́ wọ ilé ìdáná lọ, ó fi ìborí rẹ̀ dí ẹnu, ó sunkún títí àyà fi ń ro ó.

Akínwùmí kì í ṣe ènìyàn líle. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan, oúnjẹ kọ̀ kò lọ lọ́fun rẹ̀ nítorí ariwo èémí náà. Ó dìde, ó mú ọ̀bẹ. Ó ti lóṣòó sídìí apẹ̀rẹ̀ kí Ọláfúnkẹ́ tó rí i. Ó fò mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀bẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e.

“Ẹ má pa á! Bàbá Rẹ̀mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!”

“Ìyá Rẹ̀mí, kí ló dé? Ṣé o kò rí bó ṣe ń jẹ̀rora ni?”

“Mo rí i. Ẹ fi í sílẹ̀, á kú fúnra rẹ̀.”

“Ìgbà wo?” Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yí padà. “Nígbà tí mọ́tò gbá ajá bàbá mi, ìbàdí rẹ̀ fọ́ pátápátá. Bàbá gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń sunkún, ó sì ràn án lọ́wọ́ kó lọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ohun ọ̀sìn rẹ̀ lóòótọ́ kì í fi í sílẹ̀ nínú ìrora. Ìwọ tó o kì í lè pa ekòló, kí ló sọ ẹ́ dà báyìí? Ìkà kò yẹ ẹ́, Fúnkẹ́.”

Kí ni yóò sọ? Ṣé yóò sọ ohun tí wọ́n fi adìẹ náà ṣe fún ọkùnrin tó ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé àdúrà ló jí ọmọ òun dìde? Ọláfúnkẹ́ gbé ọ̀bẹ náà kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkà yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bí ọ̀bẹ ìbá ti wọ̀ ọ́ lọ, nítorí òun náà ti ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yíjú, Olúrẹ̀mí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sisí bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Adìẹ tí kò jẹ tí kò mu, tí orí rẹ̀ ń wó, jáde nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó wọ́ ẹsẹ̀ kọjá ilé ìdáná, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu yàrá tí Olúrẹ̀mí ń sùn sí. Ọláfúnkẹ́ gbé e padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé ibẹ̀, ó sì ti kọjá ẹnu ilẹ̀kùn díẹ̀. Ibi tó dúró sí lórí sìmẹ́ǹtì tutù nini, ẹrẹ̀ dúdú sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Màmá Títíloyè nu ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú àkísà, ó sì sun àkísà náà. “Ẹrù ti wúwo jù fún un,” ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó ń wá ẹni tó ni ín, kó lè gbé e fún un.”

“Kí la máa ṣe, Màmá?”

“Ó di dandan kí ẹnì kan pa á báyìí, kó tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ọmọ.” Màmá gbé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ohun tí kò wúlò mọ́. “Èmi tí mo ti gbó ni ǹ bá ṣe é, inú mi ìbá sì dùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó so ẹrù mọ́ adìẹ náà kò lè tú u.”

Ọláfúnkẹ́ jókòó pẹ́ lórí àpótí ìdáná. Ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́. Ó fẹ́ràn ayé. Ó rò ó pé ọkọ òun kò mọ ibi tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí, pé òun kò tíì kọ́ Olúrẹ̀mí bí wọ́n ṣe ń di irun. Lẹ́yìn náà, ó rántí egungun ìhà ọmọ rẹ̀ nínú ọyẹ́, ẹ̀rù náà sì lọ.

“Èmi ni n ó pa á,” ni ó wí. “Lọ́la, tí mo bá ti ọjà dé.”

Màmá rẹ̀ kò dá a lẹ́kun. Ó kàn fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, bí ìgbà tó wà ní kékeré, ó sì ń sunkún láìpariwo. Ìyá kan ló ń wo ọmọ tirẹ̀ bó ṣe ń fi ara rẹ̀ dípò ọmọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọláfúnkẹ́ fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ Olúrẹ̀mí, ó lọ̀ ọ́, ó tò ó síra. Ó gba ọjà Ekiosa lọ. Ẹja gbígbẹ, gàrí, epo pupa, èlùbọ́, gbogbo ohun tí kò ní tètè bàjẹ́ ni ó ń rà. Obìnrin tó ń ta ẹja ń wo bí ó ti ń dì í sínú agbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. “Madam, which kind party be dis?”

“No be party,” ni Ọláfúnkẹ́ dá a lóhùn. “I dey travel.”

“Safe journey o. Make you greet your people.”

Ọláfúnkẹ́ dúpẹ́. Ó yà á lẹ́nu pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Nínú takisí, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń wo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń jẹ ìrèké, ó ní ayé dára.

Nígbà tó ti géètì wọlé, ó dúró. Àgbàlá náà dákẹ́.

Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó yí padà. Lẹ́yìn náà ló mọ̀. Èémí yẹn kò sí mọ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó gbọ́ rédíò onílé, ó gbọ́ ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kò sí èémí. Sisí ti kú! Ó ti kú fúnra rẹ̀, ó ti gbé ẹrù lọ, wọ́n ti bọ́! Agbọ̀n ọjà já bọ́ lórí rẹ̀, epo dà sílẹ̀, kò bìkítà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé.

Apẹ̀rẹ̀ ṣófo. Olúrẹ̀mí jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná, ó fi gèlè màmá àgbà di nǹkan mọ́ àyà, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Ẹsẹ̀ adìẹ méjì yọ nísàlẹ̀ gèlè náà.

“Shh, Mummy,” ni ọmọ náà wí. “She don sleep.”

Ọláfúnkẹ́ sún mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Grandma dey sleep, so I no wake am. I carry Sisí put for my chest. I hold am tight, tight, tight. I sing for am.” Ó ń fọwọ́ pa gèlè náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Daddy say if person love am, e go help am go. She no even fight me, Mummy. She just put head for here.” Ó tọ́ka sí àárín àyà rẹ̀.

Igbe tí Ọláfúnkẹ́ ké ló jí màmá rẹ̀ lójú oorun. Ọláfúnkẹ́ já gèlè náà, ó gba adìẹ náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Sisí ti tutù. Síbẹ̀ Ọláfúnkẹ́ gbá ọrùn rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ títí egungun fi ró, ó tún lọ́ ọ. Ó dìde, ó gbé òkú adìẹ náà sókè sí òfìfo àgbàlá.

“Èmi ni!” ni ó ń ké. “Èmi Ọláfúnkẹ́ ni mo pa á! Ọwọ́ mi rè é! Ẹ wò ó, ọwọ́ mi ni! Èmi ni!”

Ìyàwó onílé yọjú lójú fèrèsé, ó yára fa kọ́tìnì dé. Akínwùmí, tó ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, fi báàgì sílẹ̀, ó sáré wá. Ó rí adìẹ tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́, ó rí ìyàwó rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó rò pé ó ti yé òun. Ó gbá a léjìká mú. “Ó ti tó, Fúnkẹ́. O ṣeun. Ó ti sinmi.”

“Ẹ bá mi sọ ọ́,” ni Ọláfúnkẹ́ ń bẹ̀ ẹ́. “Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Rẹ̀mí. Ẹ sọ pé Ọláfúnkẹ́ ló pa á.”

“Ọláfúnkẹ́ ló pa á,” ni Akínwùmí wí, bí ẹni ń tu ọmọdé nínú.

“No, Daddy.” Olúrẹ̀mí ti dìde lórí àtẹ̀gùn. Ó dùn ún pé wọ́n fẹ́ gba oore tó ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. “Na lie. Na me.”

“Rẹ̀mí, dákẹ́!”

“Na me, Mummy! You go market. Na me help Sisí. Na only me.” Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì dé gbogbo igun àgbàlá náà.

Akínwùmí rẹ́rìn-ín, ó gbé e sókè, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu. “Ẹ wo ọmọ tèmi,” ni ó wí. “Ọmọ tí mo tọ́ kò lè purọ́ láé.” Ó gbé e wọlé.

Ọláfúnkẹ́ tẹ̀ lé wọn, ó ń tiro bí arúgbó. Màmá Títíloyè ló wọlé kẹ́yìn. Oòrùn ṣì wà lókè, ooru mú, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀ màmá náà ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ohun tó tẹ̀ lé Sisí dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó wá fi ẹ̀yìn tì í, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń tì láti òdìkejì.